Ìkarahun ìgbín tó wà lọ́rùn mi

Wọ́n gbé ìkarahun ìgbín kọ́ mi lọ́rùn ní kíláàsì lónìí, torí pé mo gbèjà èèyàn dúdú.

Olùkọ́ wa ló béèrè ohun tá a rò nípa ìwọ́de tó ń lọ ní Paris, lórí ọmọ adúláwọ̀ tí ọlọ́pàá pa. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀, mo dìde. Faransé, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wa, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ inú bí mi débi pé Yorùbá bọ́ lẹ́nu mi:

"Èèyàn ni wá. Ṣé a gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó kà wá sí èèyàn ni?"

Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ dára. Àmọ́ o mọ òfin."

Òfin náà ni pé ẹni tó bá sọ èdè ilé níléèwé á gbé ìkarahun kọ́rùn, títí á fi gbọ́ ẹlòmíì tó sọ ọ́, ì báà jẹ́ nílé, kó sì gbé e fún un.

Bí gbogbo wọn ṣe sá fún mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi gan-an ò wo ojú mi. Èmi nìkan ni mo jẹun, èmi nìkan ni mo rìn láti iléèwé ní Kétu dé abúlé wa.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀: "Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí ló wà lọ́rùn ẹ yẹn?"

Tó bá jẹ́ ti òfin ni, òun ló kàn.

Mi ò lè gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ fi Yorùbá dá mi lóhùn. Mi ò lè dá a gbé mọ́.