Gìtá Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ọ̀rọ̀ Kan Tó Kù Sí I Lẹ́nu

Òórùn òrí àti ìpara tó ń ta ènìyàn lójú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Apo, ní Àbújá, lásìkò yẹn. Òórùn epo ọkọ̀ á wá tẹ̀ lé e láti ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀. Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó lè bú ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbà. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rárá. Àrùn rọpárọsẹ̀ kàn kọ lù ú lójijì, ó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, àfi ẹyọ kan. “Òkè” ni ọ̀rọ̀ náà. Tó bá fẹ́ omi, òkè ni. Tó bá fẹ́ tọ̀, òkè ni. Tí inú bá bí i, òkè náà ni. Nígbà tó yá, a ò fetí sí ọ̀rọ̀ náà mọ́, ojú rẹ̀ là ń wò láti mọ ohun tó ń fẹ́.

Ohun kan wà lára rẹ̀ tí kò jọ ti mẹkáníìkì, ìyẹn ni gìtá báàsì tó fi kọ́ ara ògiri. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá rẹ̀ máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì orin rọ́ọ̀kì sí i ní ṣọ́ọ̀bù, orin àwọn òyìnbó tó ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ọ̀kan nínú wọn sì wọ ẹ̀gbọ́n mi dé eegun. Etí ló fi kọ́ báàsì orin náà. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti fọwọ́ tán nírọ̀lẹ́, á gbé gìtá lé itan, á ta á, á sì máa mi orí bí alángbá. Èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Gwarinpa máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bọ̀dá mi, ṣé orin nìyí àbí ìjà?” Á dáhùn pé, “Ìwọ máa kọ ti áńgẹ́lì lọ, jẹ́ kí n máa ta ti ènìyàn.”

Nínú àìsàn náà, ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọwọ́ tó kú. Ojú rẹ̀ ni. Ó ti kọjú sí ògiri, kì í wo ẹnikẹ́ni mọ́, kódà ìyàwó rẹ̀ tó ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹbí sì ti pinnu pé lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ yóò gbé tọkọtaya náà lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọwọ́ ti pọ̀ láti gbé e dìde. Mi ò lè jiyàn, nítorí mi ò ní ohun tó dára ju ìyẹn lọ láti mú wá. Mo kàn ń rò ó pé tó bá kọjú sí ògiri báyìí kúrò ní Àbújá, a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ ń mí. Mo wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé n ó kọ́ báàsì orin yẹn, n ó ta á fún un kó tó lọ, bóyá á yíjú sí wa.

“Àǹtí mi,” ìyàwó wa ní, “ẹ̀yin tí ẹ ò mọ gìtá í gbé?”

“N ó kọ́ ọ.”

“Kí Ọlọ́run ràn yín lọ́wọ́ o.”

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní táàbù. Akọrin ni mí, mo lè ka sọ́lífà lójú oorun, ṣùgbọ́n táàbù kò ní dò, kò ní rè. Ìlà mẹ́rin gbọọrọ ni, nọ́ńbà sì tò lé wọn lórí. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún okùn gìtá kan, nọ́ńbà sì ń sọ àlàfo tí ìka yóò tẹ̀ lọ́rùn gìtá. Ọ̀gbẹ́ni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wò ó títí, ó ní, “Mummy, na lotto number be this? Make I stake am too?” Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò tún rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Mo gbé gìtá náà lọ sílé, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn. Okùn rẹ̀ nípọn débi pé ó bó mi níka. Mo lẹ ìwé mọ́ ara dígí, mo sì ń tẹ̀ lé e: ìlà tó wà lókè pátápátá nínú ìwé, mo mú un fún okùn tó wà lókè pátápátá lára gìtá, èyí tó sún mọ́ àgbọ̀n mi. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣebí òkè ni òkè ń jẹ́. Gbogbo nọ́ńbà ni mo tẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, síbẹ̀ ohun tó ń jáde kò jọ orin rárá. Mo bi ẹni tó ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní òun ò mọ ìwé kà sórí gìtá, etí lòun ń lò. Mo padà sílé, mo sunkún. Àgbàlagbà bíi tèmi, ìlà mẹ́rin péré ló sọ mí di ọ̀dẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo gbé e lọ sí Apo bẹ́ẹ̀, nítorí àkókò ti ń tán lọ. Wọ́n ti mú iná lọ, spíkà kò lè dún, báàsì tí kò sì sí iná fún dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìrọ̀rí, àfi kí o sún mọ́ ọn. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Mi ò tíì lọ jìnnà tí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ògiri, “Òkè.” Ìyàwó rẹ̀ sáré gbé ike ìtọ̀ wá. Kì í ṣe ìyẹn. “Òkè!” A gbé ìrọ̀rí rẹ̀ ga. Kì í ṣe ìyẹn náà. Mo wá ronú bí akọrin: lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ní kí o lọ sókè, ohùn ni wọ́n ní kí o gbé sókè. Mo sún ọwọ́ lọ síbi tí gìtá ti ń ké tín-ín-rín, mo ta orin náà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì gbá ògiri. “Òkè! Òkè! Òkè!” Omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi tí mo ní kó yíjú, mo wá pa á lẹ́kún.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” mo ní. “Mi ò mọ̀ ọ́n ni.”

Mo dìde láti gbé gìtá náà kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yíjú kúrò lára ògiri. Ó fi ọwọ́ òsì rá ọrùn gìtá mú, ó sì fi ìka kan okùn tó nípọn jù, èyí tó máa ń sún mọ́ àgbọ̀n ẹni tó bá gbé gìtá. “Òkè,” ó wí, jẹ́jẹ́. Mo rántí pé orí okùn nípọn yẹn ló máa ń ta orin náà. Mo wo ìwé mi. Ìlà ìsàlẹ̀ ni nọ́ńbà pọ̀ sí jù, orí okùn tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ gìtá ni mo sì ti ń tẹ gbogbo wọn. Ìlà ìsàlẹ̀ ìwé ni okùn òkè! Àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti dojú orin ẹ̀gbọ́n mi délẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti pa etí dé sí, lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ń jẹ́ gan-an ló fi ń sọ fún mi.

Mo fẹ́ gba gìtá náà kí n ta á bó ṣe yẹ, kò jù ú sílẹ̀. Ó fà á lé itan ara rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ okùn gìtá, ọ̀tún ni wọ́n fi ń ta á, ti títa ló sì kú lára rẹ̀. Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ rí i. “Àǹtí mi, ẹ bọ́ síbí,” ó ní, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún hàn mí. Mo jókòó síbi ọwọ́ tó kú náà, mo na ọwọ́ tèmi. Ó tẹ okùn, mo ta á. Ó sún ìka, mo tún ta á. Nígbà míì mo yá jù, nígbà míì mo pẹ́, á wá fi orí gbún mi léjìká. Igi gìtá náà ń gbọ̀n láàárín wa, àyà ni mo fi gbọ́ orin náà ju etí lọ. Kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló ń wò, bó ṣe máa ń wo ọwọ́ ọmọṣẹ́ tó bá ń tú bóòtù. A ò ta á dé àárín kó tó rẹ̀ ẹ́, ó sì sùn lọ, ojú rẹ̀ kọ sọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ gbé wọn lọ. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan. “Òkè” náà ló ń pè bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ ọkọ̀, mi ò sì mọ èyí tó ń wí. Bí ìyàwó wa bá gbé fóònù sí i létí lónìí, òun náà ni, mo sì máa ń dáhùn pé, “Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi,” nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Mo ti máa ń pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni mo fi ń pa á tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni kí n bá ẹni tí kò lè ṣe nǹkan mọ́ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Orin rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ kan péré ló ń wá. Gìtá náà wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ní òun yóò kọ́ mi ní ti ọwọ́ òsì, kí n lè ta orin náà tán. Mo ní kó má ṣèyọnu. Apá òsì orin yẹn ní ẹni tó ni ín, ó ṣì wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́.