Àárọ̀ Tí Ìyá Mi Fèsì Nídìí Ewé

Ohun tí ọ́fíìsì ìjọba bèèrè kò ju kí ìyá mi já ewé níṣojú òṣìṣẹ́ wọn, kí ó sì dáhùn ìbéèrè. Bí ó bá yege, yóò gba láísẹ́ǹsì oníṣègùn ìbílẹ̀. Bí kò bá yege, wọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fájuyì pa. Èmi olùkọ́ tí mo ń fi ìdánwò da ọmọ ọlọ́mọ láàmú, mo ní kí ló tún rọrùn tó yẹn?

A dé oko wa lọ́nà Ìgèdè. Òṣìṣẹ́ náà, ọmọbìnrin kan tó mọ̀wàá hù, kúnlẹ̀ kí ìyá mi. Ìyá mi ò dáhùn. Ó ń já ewé lọ.

"Màmá, kí lorúkọ ewé yìí?"

Ìyá mi tún já òmíràn sínú agbọ̀n rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Ẹni tó bá ń já ewé orúnkún kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi délé. Bó bá lanu, ewé ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá mi rò pé ẹni tó wá wo iṣẹ́ ewé yóò ti mọ̀. Bàbá kan tí orúnkún rẹ̀ wú sì ti sùn sílé wa mọ́jú, ó ń retí ewé yẹn.

Mo fẹ́ bá a dáhùn.

"Ẹ má bínú, Àǹtí, màmá ni mo wá dán wò."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n sí ta ni? Ọmọ yìí kò ṣẹ̀ mí. Èmi tí mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé mo gbà pé ewé létí ni? N kò gbà. Kí ló wá dé tí n kò lè sọ fún ìyá mi pé kó dáhùn? Orí mi dàrú pátápátá.

"Màá kọ ọ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n o," ni ọmọ náà wí, àánú sì hàn lójú rẹ̀.

Ìyá mi nàró. Ó sọ orúkọ ewé náà, ó sọ ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Ọmọ náà dì mọ́ mi: "Wọ́n ti yege!"

Ìyá mi da gbogbo ewé inú agbọ̀n sílẹ̀. "Ulé yá," ni ó wí.

Nígbà tí a délé, bàbá tó ń retí ewé na ọwọ́ méjèèjì. N kò mọ ibi tí mo lè gbójú sí. Ìyá mi fi agbọ̀n òfìfo hàn án.

"Wọ́n ní mo mọ ewé," ni ó sọ fún un. "Ẹ tún bá wa sùn di ọ̀la."