Ọwọ́ Òsì Lókè

Ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fún ọmọbìnrin mi láti fi ṣe ohun gbogbo, a kò sì gbà fún un. Ìyá ọkọ mi, tó ti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wá bá wa gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo bí ọmọ náà, ló fi ìtọ́sọ́nà ọwọ́ ọ̀hún lé ara rẹ̀ lọ́rùn. Bí ọmọ bá fi òsì mú síbí, màmá á gbá a lọ́wọ́. Bó bá fi òsì na nǹkan sí i, màmá á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò rí i, títí ọmọ á fi pààrọ̀ ọwọ́. Èmi náà kò gbèjà rẹ̀, torí èmi ni wọn ì bá sọ pé mi ò kọ́ ọmọ. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti dín kù gan-an. Ìyẹn ló ń já mi láyà jù, nítorí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ilé ni tẹ́lẹ̀.

Àsìkò yẹn ni tíṣà orin ilé ìwé wọn sọ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ohun èlò orin kan: rikọ́dà, mẹlódíkà tàbí tanborín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, kí òbí bá ọmọ rẹ̀ wá. Tíṣà yóò gbọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbé e yóò lọ jókòó ti àwọn apàtẹ́wọ́. Ọmọ mi ti ilé ìwé dé, ó dúró tì mí nídìí ààrò, ó ní, "Màmá mi, mo fẹ́ fọn fèrè." Ó ti pẹ́ tó ti fẹnu ara rẹ̀ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì ni fèrè ń fẹ́, gbogbo ayé ni yóò sì máa wò ó.

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba nígbà náà, ọjà òkè òkun wọ́n bí ojú. A rìn títí kí a tó rí ṣọ́ọ̀bù kan lápá Òkè-Àjé tó ń ta ìwé pẹ̀lú ohun èlò orin. Mẹlódíkà ni mo ti fi ọkàn sí ní tèmi. Ó ní eyín funfun bíi ti dùùrù, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Òsì kàn ń gbé e dúró ni. Mo rò ó pé ibẹ̀ ni àṣírí wa yóò ti bò. Ọmọ gbé e sẹ́nu, ó ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìka ọ̀tún rẹ̀ le, eyín méjì-méjì ló ń tẹ̀ pọ̀. Ohùn tó jáde jọ ti ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Ó gbé e kalẹ̀. Ó wá mú rikọ́dà, fèrè oníke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, òsì ti wà lókè, ọ̀tún wà nísàlẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete.

Dípò kí n yọ̀, ìta ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ẹni tó mọ̀ wá ń kọjá. Mo tún fèrè náà tò sí i lọ́wọ́, ọ̀tún lókè, òsì nísàlẹ̀. Mo ní ọ̀tún ló ń ṣáájú, kí ìyá rẹ̀ àgbà má bàa bá wa jà. Ohùn náà kú. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe fi mẹlódíkà tàn án tó, kò fi rikọ́dà sílẹ̀. Mo rà á fún un.

Màmá yẹ fèrè náà wò tokè-tilẹ̀, ó ní kò burú, bí ọ̀tún bá ti ń ṣáájú. Bí ọmọ ṣe ń lọ sẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n lu ihò ìsàlẹ̀ pátápátá sí, ìka òsì rẹ̀ tó kéré jù kì í dé ibẹ̀. Á fọn, á han, á dúró, á tún un fọn. Ojoojúmọ́ là ń pa á lówe pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́, àfi bí ẹni pé ọwọ́ ọmọ tèmi kò sí nínú òwe náà. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá lè fi í sáàárín àwọn apàtẹ́wọ́, kò tún ní bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́ láyé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, màmá ní òun á bá wa lọ. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kíláàsì. Tíṣà, obìnrin kékeré kan tí kì í pariwo, ní kí àwọn ọlọ́fèrè dìde. Ó ní, "Ọwọ́ òsì lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀."

Mo rò pé ó ṣì í sọ ni. Àmọ́ gbogbo ọmọ náà ló fi òsì sókè, àti ọmọ alùfáà, àti ọmọ alájì tó ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àdúgbò wa. Ọmọ tèmi nìkan ni ọ̀tún rẹ̀ wà lókè. Tíṣà lọ bá a, ó rọra ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Kò pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń wò. Bí mo bá mi orí sí i, mo ti bá ìyá ọkọ mi jà lójú gbogbo ènìyàn. Bí mi ò bá sì mi orí, ọmọ mi ti tán.

Màmá tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Gbogbo wọn náà?"

Mo ní, "Gbogbo wọn, mà."

Ó tún wo ìlà àwọn ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ó mi orí sí ọmọ. Ọmọ pààrọ̀ ọwọ́, ó fọn ún, mo sì fi ìborùn bojú torí omi ti ń bọ́ lójú mi.

Wọn kò fi í sáàárín àwọn apàtẹ́wọ́. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ó bèèrè, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ilé ìwé nìkan ni mo ti lè lo òsì?"

A rìn délé. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó pe ọmọ, ó gba ọwọ́ òsì rẹ̀, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ìyàwó, ọwọ́ yìí mà rọ̀. A ò jẹ́ kó ṣe uṣẹ́ kankan."

Ó wá na ewùrà tó ti bó sí i, pẹ̀lú páànù tí a fi ìṣó lu, ó ní kó máa rin ín, ọwọ́ tó bá yá a ni kó lò. Ọmọ wo ojú mi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé màmá kàn ń dán an wò ni. Òsì ló fi rin ín, ó yára, páànù náà kò sì bó o lára.

Ewùrà yẹn la fi se ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ ọwọ́ lò, màmá kò jẹ ohun tí òsì rẹ̀ bá kàn rí. Ó bù ú sí síbí, ó fi sẹ́nu. Ọmọ kò tíì tọ́ tirẹ̀ wò, ọ̀fun ìyá rẹ̀ àgbà ló tẹjú mọ́, títí tí màmá fi gbé e mì.