Ilé Tí Mọ́ṣádé Fi Ń Ríran

Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá rí ìyàwó tó ń ṣe aápọn jù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Mọ́ṣádé, aládùúgbò mi, kí ẹ tó bá mi jà.

Ọmọ Ìbefun ni Mọ́ṣádé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó fẹ̀yìn tì. Micah, ọkọ rẹ̀, kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ sọ́nà Ìjagun kó tó kú. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló wà lẹ́yìn ilé náà, fèrèsé kíṣìnnì rẹ̀ sì kọjú sí mi. Mo fi ọdún kan jù ú lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé pé mo ti darúgbó.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn dókítà ní glọkómà ni. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, òsì tẹ̀ lé e, ó wá ku ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín bí èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀. Bọ́dúnrìn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti búra láti Èkó pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ìyá òun ò ríran mọ́ ni òun máa wá mú un lọ sọ́dọ̀ òun, òun á sì ti ilé náà pa. Àjà kẹta ni Bọ́dúnrìn ń gbé. Ẹ̀rù yẹn ni Mọ́ṣádé ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo; ta ló fẹ́ lọ jókòó sílé onílé títí ọlọ́jọ́ á fi dé?

Ìmọ́tótó ló wá fi bo àṣírí náà. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sálúbàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri. Agolo iyọ̀ ní rọ́bà lọ́rùn, ti ṣúgà kò ní. Tó bá mu omi tán, kò ní jókòó kó tó ṣan ife, kó sì dojú rẹ̀ dé sáyè rẹ̀. Bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, á fọwọ́ tọ ilé náà já láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnnì, ohun tó bá yẹ̀, á dá a padà. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni láti ibùsùn dé ilẹ̀kùn, mọ́kànlá ni dé ìdí gáàsì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa yìn ín pé eṣinṣin ò ríbi bà nílé rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń gbá ilẹ̀ náà.

Nígbà tí Bọ́dúnrìn ṣègbéyàwó, apá mi ni Mọ́ṣádé dì mú látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ìfẹ́ àárín wa ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bọ́dúnrìn pè pé Ìtùnú, ìyàwó òun, ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan. Mọ́ṣádé bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Rídwàn, ọmọ yẹn á tú àṣírí mi."

Mo ní, "Sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Kí n sọ fún ìyàwó pé kó jókòó? Á rò pé mi ò fẹ́ òun. Ọkọ rẹ̀ á sì béèrè ìdí."

Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó tó bá dé ilé ìyá ọkọ tí kò gbálẹ̀, wọ́n á ní kò gbẹ̀kọ́ nílé. Ìyá ọkọ tó bá sì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní ìkà ni.

Ìtùnú dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí Mọ́ṣádé wà nípàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ náà ká aṣọ sókè, ó kó gbogbo ẹrù síta, ó fọ̀ ọ́, ó sì kó o wọlé padà bó ṣe wù ú. Mò ń rí i láti ìdí maṣíìnì mi. Ó yẹ kí n pariwo. Mo ní kí n má tú àṣírí ọ̀rẹ́ mi, mo bá tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́ maṣíìnì, mò ń ránṣọ lọ. Òmùgọ̀ ni mí.

Mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì já Mọ́ṣádé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ pálọ̀, orúnkún rẹ̀ gbá tábìlì.

"Mọ́mì, mo ti tún ibẹ̀ ṣe. Ṣé ó dára?"

"Ó dára gan-an, ọmọ mi. Olúwa á bù kún ẹ."

Ó fọwọ́ wá àga títí ó fi rí i, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Ó fẹ́ tọ̀, kò lè lọ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò lè bu omi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ṣe ni ilé òun di igbó mọ́ òun lójú, tí òun ò mọ ibi tí òun á gbà jáde. Síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà.

Lọ́sàn-án, Ìtùnú rin ewùrà, ó ní òun fẹ́ se ìkókorè, oúnjẹ Ìjẹ̀bú. Ọmọ Ìbàdàn ni; mò ń dúró kí n rí ohun tó máa sè. Eruku tó gbá láàárọ̀ ti dá ọ̀fìnkìn sí i, imú rẹ̀ dí pa. Kò mọ̀ pé nígbà tí òun ń fi kànìnkàn ha gáàsì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, òun ti yí bọ́tìnì rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Òórùn náà bá Mọ́ṣádé lórí àga. Ó dìde, ó tẹ̀ lé òórùn náà dé kíṣìnnì, ó na ọwọ́ síbi tí gáàsì máa ń wà. Kò sí gáàsì níbẹ̀. Ó tún na ọwọ́ sí òsì, agbada ló bà. Ìgbà náà ló gbọ́ tí páálí ìṣáná ń dún lọ́wọ́ Ìtùnú.

"Má ṣáná! Gáàsì ń jò! Pa á!"

"Gáàsì kẹ̀? Mi ò gbóòórùn nǹkan kan, Mọ́mì. Òun nìyí níwájú yín, ẹ wò ó."

"Mi ò rí i!" Ohùn náà gba fèrèsé jáde sí mi. "Ọmọ mi, mi ò ríran! Mi ò ríran rárá! Má ṣáná!"

Kí n tó sáré yípo dé ibẹ̀, Ìtùnú ti pa gáàsì, ó ti sọ ìṣáná sí àgbàlá. Àwọn méjèèjì dúró lójú kan. Mọ́ṣádé ti tọ̀ sára. Ìtùnú wò mí.

"Ẹ mọ̀, mà?"

Mo ní, "Mo mọ̀." Ìtìjú mú mi débi pé mi ò lè gbójú sókè.

Mọ́ṣádé ní kí Ìtùnú bá òun pe Bọ́dúnrìn. Mo ní kó fara balẹ̀ ná, ó ní kí n panu mọ́.

"Bọ́dúnrìn, mi ò ríran mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Mo fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ, ó gbé gáàsì kúrò láyè rẹ̀, mi ò sì rí i pa. Díẹ̀ ló kù kí ó jóná níwájú mi. Tó o bá ní kí n máa bọ̀ l'Ékòó, màá bọ̀."

  Ni Ìtùnú bá gba fóònù.

"Bọ́dúnrìn, wọn ò lọ ibì kankan lónìí. Wá lọ́jọ́ Sátidé, kó o wá fojú ara rẹ rí i. Fún ọdún mẹ́ta wọ́n dá gbé ibí láìríran, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Èmi tí mo ríran, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lò tí mo fẹ́ dáná sunlé."

Ó pa fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, níbo ni gáàsì ń gbé? Ẹ sọ, kí n gbé e padà."

 Mọ́ṣádé ti di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú, ọwọ́ tó mú ìṣáná, kò sì jẹ́ kó lọ gbé ohunkóhun.