Ọwọ́ Mi Lórí Nọ́ńbà Méje

Mo rántí ìgbà tí ara mi kì í balẹ̀ rárá, tí mo ń tún fíríìjì ṣe kiri Sùúrùlérè àti Yaba. Oníbàárà á ṣì máa ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, èmi á ti tú ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ló ń sáré nínú mi. Àṣé wàdùwàdù ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Yaba pè mí sínú ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fi aṣọ tì lọ lójú omi. Ẹ̀bá Makoko ló so ó mọ́, èéfín ẹja yíyan sì ń wọ inú rẹ̀. Fíríìjì ibẹ̀ kò ju àpótí aṣọ kékeré lọ, bátìrì ló ń lò. Àrùn ṣúgà ń yọ bàbá náà lẹ́nu, inú fíríìjì yìí ló sì ń tọ́jú ínsúlíìnì tó ń gún sára sí. Ó fẹ́ tukọ̀ lọ sí Àgbádárìgì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò sì lo ọjọ́ mẹ́ta lórí omi.

Tẹ́mósítáàtì fíríìjì náà ló ti kú, èyí tó ń pinnu bí òtútù ṣe máa pọ̀ tó. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rẹ̀ bí okùn, gáàsì wà nínú bàbà yìí, wọ́n sì de ẹnu rẹ̀ mọ́ irin tó ń mú inú fíríìjì tutù. Bí irin náà bá tutù tó, gáàsì á súnkì, iná á já. Bó bá móoru, gáàsì á wú, iná á padà. Nọ́ńbà tí èèyàn bá yí i sí ló ń sọ ìgbà tí iná máa já; méje ló tutù jù. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ tán kí n tó fẹnu kan omi tí bàbá gbé fún mi.

"Kó sáà tutù ni o," ni bàbá wí. "Má jẹ́ kó dì. Abẹ́rẹ́ yẹn, tó bá ti dì pẹ́nrẹ́n, ó bàjẹ́ nìyẹn, bó tiẹ̀ yọ́ padà."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀." Àpò irinṣẹ́ mi ti wà léjìká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná dé nílé wa ní Àgùdà. Màmá mi sáré lọ sídìí fíríìjì, ó yí i sí méje. "Kó tètè dì kí wọ́n tó mú un lọ!" Bí a ti ń ṣe é nìyẹn láti kékeré mi. Mo wo ọwọ́ màmá mi, mo sì rí tèmi: kí n tó jáde nínú ọkọ̀ lánàá, mo ti yí ti bàbá sí méje. Nínú ọkọ̀ yẹn ẹ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mú iná lọ; abẹ́rẹ́ bàbá á ti dì.

Mo pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo kó sínú kẹ̀kẹ́ márúwá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Àǹtí, ẹ jókòó dáadáa jàre," ni onímárúwá wí. "Kẹ̀kẹ́ ni o, kì í ṣe bàálù."

Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá, kò tíì gbéra, ó ti ká ẹ̀wù sókè, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fíríìjì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi mu bátìrì gbẹ, ìdí nìyẹn tí fóònù tó ń gba iná lára rẹ̀ pàápàá fi kú. Yìnyín inú fíríìjì ti yọ́ di omi, ínsúlíìnì sì mọ́ gaara bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí i.

"Bàbá, ẹ má gún un! Ó ti dì!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Èmi ni mo jẹ́ kó dì."

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo sáré lọ sí Yaba lọ ra òmíràn, mo gbé e bọ̀ nínú fúláàsì, ebi sì ń pa bàbá dè mí, torí kò gbọ́dọ̀ jẹun kó tó gún un.

Kò bú mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé tẹ́mósítáàtì náà, a jọ yí i padà sí méjì. "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló wí. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ mú iná lọ níbí. Ta lò ń sá fún?"

Iná oòrùn la ń lò nílé báyìí, síbẹ̀ màmá mi ṣì ń yí fíríìjì sí méje. Bó bá ti jáde ní kíṣínì, mo máa ń dá a padà, n ó sì dúró tì í títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Mo mọ ohun tó mú un dákẹ́. Àyà mi ṣì máa ń já pé iná ti lọ.