Àwọn Bàtà Tó Fara Ti Ara Wọn

Òórùn bísíkíìtì ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàárọ̀ ní Àgídìngbì. Tó o bá débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ṣúgà àti bọ́tà inú ààrò á ti gba gbogbo àdúgbò, débi pé ẹni tó ti jẹun yó á tún máa dá itọ́ mì. Ibẹ̀ la ti máa ń pàdé nígbà yẹn, àwa obìnrin mélòó kan tá a jọ ń di ọṣẹ sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. A ó sáré láti ẹnu géètì lọ sí Aláúsá, níbi tí títì ti fẹ̀, tó sì máa ń dá páropáro torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò sí níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. A ó yípo, a ó padà wá mu omi tútù, a ó sì máa sọ̀rọ̀ ilé onílé títí ara á fi balẹ̀. Mo fẹ́ràn wákàtí yẹn gan-an. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi, ọkọ mi sì jẹ́ ẹni tí kì í mọ ibi tí fìlà ara rẹ̀ wà; látàárọ̀ ṣúlẹ̀, "Mọ́mì! Mọ́mì!" ni mò ń gbọ́. Láàárọ̀ Sátidé nìkan lẹnikẹ́ni kì í pè mí. Èémí ara mi ni mo máa ń gbọ́, àti ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Nígbà tó yá, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Lẹ́yìn eré sísá ni mo kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó ṣe, ó bá mi dé orí àtẹ̀gùn, ó sì bá mi dé ìdí ẹ̀rọ tí mo ti ń dúró ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú ọrùn ẹsẹ̀ mi náà á máa ro mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi á ti kọrí sí ọ̀nà àbọ̀ kí èmi tó fojú kan Aláúsá. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń dúró nídìí ẹ̀rọ kan náà wá fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá wa, ọjọ́ orí ti dé o! Ẹ jẹ́ káwa ọmọdé máa sáré lọ." Bẹ́ẹ̀ mi ò fi ọdún kan jù ú lọ! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dá tèmi náà padà fún un, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí nínú. Mo mọ ilé mi. Tí n bá fi wákàtí yẹn sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, aṣọ fífọ̀ á gbé e mì, mi ò sì ní rí i gbà padà láéláé.

Búrẹ́dì lọkọ mi ń ṣe ní Agége. Bí wọ́n bá ti gbé e jáde nínú ààrò, àtàǹpàkò ló fi ń dán an wò: á tẹ̀ ẹ́, búrẹ́dì á rì, á sì tún wú padà. Èyí tí kò bá wú padà kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí nǹkan bá ti mọ́ èèyàn lára, ibi gbogbo ló máa ń gbé e dé. Ọkọ mi máa ń tẹ ìbẹ́pẹ, ó máa ń tẹ tìmùtìmù, ó tiẹ̀ máa ń tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun tá a bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi fún un, kò jẹ́ kí n parí ẹ̀.

"Bàtà ẹ ló le jù," ó wí. "Kí lorúnkún fẹ́ ṣe?"

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bàtà òkìríkà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìkẹjà, ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ kánfáàsì wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá kan funfun kan tí ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú ẹ̀ tán. "Wò ó! Ó rọ̀ ju búrẹ́dì mi lọ!" Mo wọ̀ ọ́, ó ṣe mí bíi kí n sùn lórí ìdúró. Èmi náà ìyàwó oníbúrẹ́dì, ohun tó bá rọ̀ ni mo gbà pé ó dáa. A gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Kò pẹ́ rárá tí mo fi jókòó sétí títì ní Aláúsá láàárọ̀ Sátidé kan, tí mo di orúnkún mú, tí mo sì ní káwọn ẹgbẹ́ mi máa lọ. Bàtà náà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ńṣe ló ń rì lábẹ́ mi, tí ẹsẹ̀ mi á sì yẹ̀ sínú tẹ̀ lé e. Omijé bọ́ lójú mi. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò sáré mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wá wo àwọn ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa méjèèjì jọ ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé ká lè kírun. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe tán, mo sì gba orí sìmẹ́ǹtì wọlé. Màámi lóṣòó síbẹ̀ pẹ̀lú búútà lọ́wọ́, ni wọ́n bá dá omi dídà dúró.

"Àbẹ̀kẹ́, padà wá."

Mo rò pé mo gbàgbé láti fọ ibì kan ni. Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀. Ibi tí àwọn fúnra wọn ti tẹ̀ nígbà tí wọ́n pọn omi dé ṣì tutù: gìgísẹ̀ dá wà, ọmọ ìka dá wà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀. Tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìka dé gìgísẹ̀, kò síbi tó gbẹ láàárín. Màámi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹní bíni là ń jọ. Ẹsẹ̀ bàbá ẹ nìyí! Gbé bàtà tó o fi ń sáré wá."

Mo gbé e wá. Wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, méjèèjì sì fẹ̀gbẹ́ lé ara wọn bí àwọn tó ń ṣòfófó. Ìyá mi wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí fún mi. Wọ́n ní tí àwọn bá jọ lọ kírun Jímọ̀, àwọn obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Nínú gbogbo bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kò sígbà kan tí wọ́n wá ti bàbá mi tì, torí òun nìkan ló máa ń fara ti ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú un, wọ́n á kọjú ẹ̀ sí títì, kí bàbá mi lè kàn ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ti jáde.

"Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn títí wọ́n fi jáde láyé," Màámi wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. "Ọjọ́ orí la pè é."

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi fi ṣẹ̀fẹ̀ náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé bàtà náà sínú ọ̀rá lọ bá nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n rìn lọ rìn bọ̀. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi tẹ́, kì í ṣe àrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irú ẹ̀, àmọ́ bí mo bá ń sáré, ẹsẹ̀ ń yẹ̀ sínú jù, ó sì ń fa orúnkún dání. "Bàtà rírọ̀ yìí ló tún ń dá kún un," ó wí. "Ẹ wá èyí tí ẹ̀gbẹ́ inú ẹ̀ le díẹ̀, tí ẹ̀yìn ẹ̀ sì di gìgísẹ̀ mú. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, tẹ́sẹ̀ bá ti wú díẹ̀ látàárọ̀. Kó sì tù yín lára lójú ẹsẹ̀ o. Tí wọ́n bá ní ó ṣì máa fẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn."

Bí mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Ìkẹjà ni mo kọrí sí, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta bàtà tuntun. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fi àtàǹpàkò rẹ̀ sápò. Àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ le bíi pákó, ó sì ń gún mi láàárín àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ó máa fẹ̀, àǹtí," obìnrin náà wí.

"Kó kọ́kọ́ fẹ̀ ná, kí n tó wọ̀ ọ́."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó mú òmíràn wá, aláwọ̀ osùn, ó rẹwà bí ìyàwó, ṣùgbọ́n ó fún mi lọ́mọ ìka. Ẹ̀kẹta ò lẹ́wà rárá. Àwọ̀ eérú ni, kò sí òdòdó, kò sí dídán. Kí n tó wọ̀ ọ́, àtàǹpàkò kan ti yọ́ jáde látinú àpò, ó ti tẹ ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀. "Hàà, Mọ́mì," ọkọ mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "búrẹ́dì ijẹ́ta nìyí o."

Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò ṣe mí bíi kí n sùn. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò tì mí, kò fún mi, ó kàn wà níbẹ̀. Mo bẹ obìnrin náà pé kó jẹ́ kí n sáré díẹ̀ níta.

"Kẹ́ ẹ má lọ sá lọ o!"

"Ọkọ mi nìyí," mo wí, "mo fi í ṣe onídùúró."

Bí mo ṣe bọ́ sétí títì nìyẹn, nínú jàlàbíà tí mo wọ̀ wá, tí mò ń sáré kọjá àwọn tó ń ta ìbòrí fóònù. Ẹnì kan kígbe pé, "Àǹtí, ta ló ń lé yín?" Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́yìn mi, "Kò yẹ̀ mọ́! Ìyá àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ ẹ ò yẹ̀ mọ́!" Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé báàgì mi kọ́rùn, ó ń fò sókè láàárín àwọn tó ń kọjá, kò sì bìkítà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.

Orúnkún ò san lóòjọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ní kí n máa sáré, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ fi máa dé, mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi yípo Aláúsá, ọ̀rẹ́ mi sì ń bi mí bóyá ọjọ́ orí mi ti padà sílé ni. Ọkọ mi ṣì ń tẹ gbogbo nǹkan. Bàtà mi nìkan ni kì í fọwọ́ kàn.

Nígbà tí ìyá mi tún wá, a jọ lọ sí àdúrà àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Bàtà eérú yẹn ni mo wọ̀ lọ, torí mi ò fẹ́ bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ mọ́. Màámi ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí èmi náà jáde, mo bá wọn lórí ìbẹ̀rẹ̀ láàárín bàtà rẹpẹtẹ.

"Màámi, kí lẹ ń wá?"

"Bàtà ẹ ni. Mo fẹ́ kọjú ẹ̀ síta fún ẹ. Èyí tó fara tira ni mò ń wá, mi ò rí i."

Mo nawọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó dúró ṣánṣán, ọ̀tún ò sún mọ́ òsì. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un, wọ́n kọjú ẹ̀ sí títì, wọ́n sì gbé e síwájú mi.

"Ẹsẹ̀ bàbá ẹ náà ṣì ni," Màámi wí. "Ó kàn ti rí ẹni gbé e ró ni."

Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú, a sì ń lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ka ẹsẹ̀ mi sí ohun tó wọ́ mọ́. Bàbá mi ló fún mi, ohun kan ṣoṣo tí wọn ò rí gbà nígbà ayé wọn ni mo sì rí gbà. Wákàtí tẹ́nikẹ́ni kì í pè mí ni mò ń wá nígbà tí mo wá bàtà lọ, mo sì rí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé báyìí, tí òórùn bísíkíìtì bá ti gba Àgídìngbì, tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mò ń so okùn bàtà, èmi ni mo máa ń pe ẹnì kan. "Bàbá," mo máa ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó yá, ẹ jẹ́ ká sáré."