Wọn Ò Tíì Dé

Lórí páálí àwo orin náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jókòó létí òkun nínú agbádá funfun, tó gbé dùrù ògùrọ̀ lé itan. Orí kodò ló gbé e. Okùn tó nípọn, tó yẹ kó wà nítòsí ikùn, ló kọ sí òkun. Èyí tó tín-ín-rín ló kọ sí ara. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ta dùrù náà rí yóò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé ọkùnrin yìí kò ta á rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwòrán yẹn, ìyá wa tó kọ́ mi ti kú, ó sì ku èmi nìkan tó mọ̀ ọ́n ta ní gbogbo agbègbè wa. Ta ni ì bá sọ̀rọ̀?

Dùrù ògùrọ̀ kò jọ gìtá. Ọ̀pá ògùrọ̀ ni a ń tò mọ́ra bí ẹní, tí a ń so pọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọ̀bẹ tó mú ṣí èèpo ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sókè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìgé orí rẹ̀, láìgé ìdí rẹ̀. Èèpo yẹn gan-an ni okùn. A ó ki igi kéékèèké bọ abẹ́ rẹ̀ kó má baà sùn lé ara ọ̀pá, àtàǹpàkò méjèèjì la sì fi ń ta á. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó dà bí ìgbà tí òjò tó ti dá bá ṣì ń kán sílẹ̀ láti ara imọ̀ àgbọn. Ìyá wa, tí Gun jẹ́ èdè rẹ̀, kò fún un lórúkọ kankan ju “igi mi” lọ.

A kì í kọrin sí i, a kì í sì í jó sí i. Ní abúlé ìyá wa, lórí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ìgbà tí ọkọ̀ apẹja bá pẹ́ lójú omi ni wọ́n ń ta á. Àwọn obìnrin tó ní èèyàn nínú ọkọ̀ náà á jókòó, wọ́n á kẹ̀yìn sí òkun, nítorí wọ́n gbà pé ojú tó bá ń wá ọkọ̀ máa ń tì í sẹ́yìn ni. Ẹni tó ń ta dùrù nìkan ló ń wo omi. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá rẹ ẹni tó ń ta á, ó lè dín in kù títí yóò fi ku okùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ó ti rí ọkọ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin á dìde, wọ́n á sáré lọ pàdé ọkọ̀ pẹ̀lú igbe ayọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí. Orí ẹní kan náà la ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ fún mi pé kò mọ̀.

Olùkọ́ ni ọkọ mi, bíi tèmi. Àgbádárìgì la ti jọ ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ apẹja ni, abúlé ìyá wa náà sì ni tirẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, yóò bọ́ ṣòkòtò tíṣà sílẹ̀, yóò bá àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹja ló fẹ́ràn jù mí lọ. Á ní, “Ẹja kì í bá mi jiyàn.”

Ìgbà tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ tó gba Àgbádárìgì kọjá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń kó yanrìn fún àwọn tó ń la ọ̀nà náà, owó epo rọ̀bì sì ń wọlé fún un bí ó ti ń wọlé fún gbogbo irú wọn nígbà yẹn. Ó ra mọ́tò, ó kọ́ ilé alájà. Nígbà tí kò mọ ohun tí yóò tún rà mọ́, ó ní òun fẹ́ ṣe àwo orin tí kò sí irú rẹ̀. Ó bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Kòtònú tó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ọkùnrin náà gba ibodè Seme wọlé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́. Èmi ni yóò ta dùrù. Mo gbà, nítorí ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, mo sì fẹ́ kí ohun tó kọ́ mi wà níbì kan yàtọ̀ sí ọwọ́ mi.

Ọjọ́ tí a dá pé, ọkọ̀ tí ọkọ mi wà nínú rẹ̀ kò dé láàárọ̀. Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, kò tíì dé. Òkun ń ru, àwọn obìnrin sì ti jókòó. Mo gbé igi ìyá mi, mo lọ jókòó lórí òkè iyanrìn. Kí n tó gbọ́wọ́ lé okùn, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkùnrin Kòtònú náà ti ń gbé ẹ̀rọ bọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe òní,” mo ní. “Àwọn èèyàn wa ò tíì dé.”

“Wọ́n á dé. Ṣé o ò kúkú ní ta á ni? Èyí tó o fẹ́ ta náà la máa gbà sílẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́.”

“Tíṣà, má fi àkókò ọkùnrin yìí ṣòfò.”

Mi ò ráyè ìjà. Mo ta dùrù. Mo ń wo ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé, mi ò sì gbàgbé ohun kan nínú ohun tí ìyá wa kọ́ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mo rí nǹkan dúdú lójú omi, ọwọ́ mi á fẹ́ yára, n ó fà á sẹ́yìn. Ẹ̀yìn mi ni àwọn obìnrin náà jókòó sí, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, kò sí ẹni tó mira. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló sún mọ́ mi jù.

Ẹnì kan gbá ọwọ́ mi mú láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Téèpù ti ń tán, ọkùnrin Kòtònú ti fọwọ́ júwe fún un, ó sì fẹ́ kí orin náà parí geerege. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí, ó tẹ ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ ara okùn.

Dùrù dákẹ́.

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò wo ẹ̀yìn wò, wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sí etí omi, wọ́n ń kígbe pé, “Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé!” Àwọn mìíràn ti ń tú ọ̀já orí wọn láti fi júwe. Wọ́n dé etí omi. Mo rí i bí igbe náà ṣe kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kejì, òkun gbé àjẹ̀ kan wá sí èbúté. Kò gbé ohun mìíràn wá mọ́.

Àwọn ará ilé ọkọ mi ní èmi ló pe ọkọ̀ tí kò sí, pé òkun gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ mi, ó sì gbà pé a ti gba àwọn èèyàn wa tán. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tó rí i, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa, ìgbì òkun sì ti bo wúyẹ́wúyẹ́ wa mọ́lẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá ọkọ mi, agbádá rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀.

“Ẹ forí jì í, ìyá,” ó ní. “Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó kàwé ni, ara rẹ̀ ò gba ìyà.”

Ó bá mi tọrọ àforíjì! Ìyá ọkọ mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jáde dé ìdí àgbọn.

“Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ sọ yẹn?”

“Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé mo gbá ọ lọ́wọ́ mú, kí gbogbo ayé mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo ta á? Wọ́n ti ya àwòrán mi tán fún páálí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀, Tíṣà. Ìwọ sáà ní sùúrù.”

Kò rọlẹ̀. Wọ́n kó ẹrù mi síta kí n tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Mo kó lọ sí Aradagun, mo kọ́ni níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó máa ń pè mí ní ìyàwó láàárọ̀ lálẹ́, yí orúkọ mi padà sí “obìnrin onídùrù yẹn”. Àwo orin náà jáde, wọ́n ń fi í sórí rédíò ní ìdájí, àwọn olóhùn dídùn sì ń sọ pé ó ń fini lọ́kàn balẹ̀. Igbe àwọn obìnrin náà ò kúrò ní ìparí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní ó dùn ún gbọ́. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, mo jáde, mi ò sì padà lọ gba aṣọ mi títí di òní.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé òun ló gbá mi lọ́wọ́ mú. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bá a jà. Mo kọ̀, mi ò lọ síbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ̀. Owó epo gbẹ, títì márosẹ̀ di kòtò, wọ́n tún ń la òmíràn lórí rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́bàá Kòtònú, òun náà sì gbọ́ Gun. Ó fẹ́ tún àwo náà gbé jáde. Ó ti rí ojúlówó téèpù náà gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọkùnrin Kòtònú, ó sì ti fi kọ̀ǹpútà fọ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ rí ẹnikẹ́ni tó kù nínú àwọn obìnrin tó ń yọ̀ níparí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi fi mọ́tò lọ gbé e létí ọ̀sà wá sí ilé alájà rẹ̀, ó sì pe èmi náà, kí n lè bá a ta dùrù náà bí ọwọ́ rẹ̀, tó ní ó “ti le”, kò bá lè ta á.

Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó ń wo fèrèsé.

Ọ̀dọ́bìnrin náà tan orin. Mi ò gbọ́ ọ mọ́ gaara bẹ́ẹ̀ rí. Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ìgbì òkun wà nínú rẹ̀, àtàǹpàkò mi wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí, ó di ojú. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan wọlé, ohùn ọ̀dọ́, wúyẹ́wúyẹ́: “Ó tó. Téèpù ti ń tán. Dáwọ́ dúró, mo ní!” Ohùn mi tẹ̀ lé e: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀, wọn ò tíì dé.” Okùn kan kùn, ó sì kú. Ẹsẹ̀ ń sáré. *Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé!*

Nínú igbe náà, ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ròkè jù.

“Bá mi dá a padà,” ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ fún ọmọ náà ní Gun. Ọmọ náà dá a padà. Ó ní kó tún un ṣe. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, kò pariwo.

“Ìwọ lo bẹ̀ wá pé ká forí jì í.”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fọwọ́ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Sọ fún ọmọ náà kó gé ibẹ̀,” ó ní. “Tó bá gé e, orúkọ rẹ ni kó kọ sí i. Gàdàgbà. Àwòrán rẹ náà. N ó sọ pé ìwọ lo ta á, mo búra.”

“Ẹ ò wá lè sọ pé ẹ̀yin lẹ gbá mi lọ́wọ́ mú?”

“Àbúrò mi, mo ti dàgbà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á gbọ́ ọ.”

“Kí wọ́n gbọ́ ọ,” mo ní. “Ẹ fi àwòrán yín sílẹ̀ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ orúkọ.”

Mo wọlé, mo sọ fún ọ̀dọ́bìnrin náà pé kó má gé ohunkóhun. Ó béèrè orúkọ tí òun yóò kọ fún ẹni tó ta dùrù. Mo ní kó má kọ nǹkan kan, ẹni tó bá ní etí yóò mọ̀ pé ẹni tó wà lórí páálí kọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbé àpò rẹ̀. Ó dúró tì mí, ó ń wo ilẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “sìn mí dé etí ọ̀sà.”

Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí.